Àga Tó Kọjú sí Ẹnu Ọ̀nà

Àga tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ni ti Orrin. Gbogbo ẹni tó ń jẹun níbẹ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀ àfi àlejò. Marlys ọmọ rẹ̀ ló ni ilé oúnjẹ náà, lẹ́bàá títì ní Harmon Creek, ní Oklahoma. Láti ìgbà òtútù tí adigunjalè ti pa obìnrin tó ń ta epo mọ́tò ní òdìkejì títì ni Orrin ti búra pé Marlys kò ní í dá wà níbẹ̀ mọ́. Verna ìyàwó rẹ̀ ti kú, ọmọ yìí nìkan ló kù fún un láyé. Bí wọ́n bá ti ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, á ti jókòó, ìbọn rẹ̀ á wà ní ìbàdí lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

"Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí," ni yóò wí, á sì tún bu iyọ̀ sí ẹyin tó ti bu iyọ̀ sí tẹ́lẹ̀.

Dub àti Royce, àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ máa ń yìnbọn sí agolo lóko Dub, kì í jẹ́ kó dá kọfí mu. Àwọn náà kì í rìn láìní ìbọn lára. Bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń jà lórí bọ́ọ̀lù ni àwọn mẹ́ta yìí ń jà lórí ìbọn, ẹnikẹ́ni kò sì tíì borí rí.

"Ìwọ àti ìbọn bàbá-ńlá ẹ yìí," ni Dub wí. "Nígbà tí ọta ẹ bá fi máa tán, tèmi ò tíì bẹ̀rẹ̀."

"Tìẹ máa ń há," ni Orrin fèsì. "Tèmi, o fà á, ó dún, ó parí. Ẹni tí ọta mẹ́fà ò bá tó, kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìnbọn."

Royce rẹ́rìn-ín títí kọfí fi dà sí i láyà. "Ẹnu lẹ̀yin méjèèjì ní. Ta ló ń dánra wò nínú yín?" Ó gbé àpò kékeré kan sórí tábìlì. Ọta ìdánrawò ló wà nínú rẹ̀. Bí ọta gidi ló rí, ó sì wúwo bíi rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tù nínú. "Orrin, mú un. Máa fi dánra wò níwájú dígí."

"Gbé e fọ́mọdé kó fi ṣeré."

Marlys kó àpò náà mọ́ àwọn àwo tó dọ̀tí, ó gbé gbogbo rẹ̀ wọ ilé ìdáná.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Dub dé fìlà tuntun wọlé. Ó kí Orrin. Orrin dìde, ọwọ́ rẹ̀ ti wọ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì.

"Ta nìyẹn? Má sún mọ́bí!"

Ìbọn ti yọ dé ìdajì. Dub na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúró gbagidi. Royce ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

"Fìlà lásán ló pààrọ̀ o! Ẹ wo ọkùnrin! Báyìí ló yẹ kéèyàn máa lajú sílẹ̀."

Dub náà rẹ́rìn-ín. Orrin ló rẹ́rìn-ín kẹ́yìn, nígbà tó rí i pé gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Marlys kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà, ó ní kí bàbá òun gbé ìbọn wá kí òun bá a nù ún, torí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Láti ìgbà náà, kò pa ọjọ́ Ẹtì kan jẹ. Royce yìn ín pé ọmọ tó mọyì bàbá ni.

Marlys tilẹ̀ gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. "Dádì, ẹ ò ṣe jẹ́ kí ìbọn yẹn wà nílé lónìí?"

"Ta ló máa wá ṣọ́ ẹ?" Omi lé ròrò sójú ọkùnrin náà. Marlys kò lè máa wò ó bẹ́ẹ̀. Ó bu kọfí fún un, kò sì sọ ọ́ mọ́.

Ọ̀sán gangan ọjọ́ kan ni ọmọkùnrin kan wọlé, ó fi aṣọ bojú, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbọn Dub wà nínú kóòtù tó gbé kọ́ sára ògiri. Ti Royce wà nínú mọ́tò, torí ó máa ń sọ pé níbi tí Orrin bá wà, ìbọn kejì ẹrù lásán ni. Marlys ṣí dúrọ́ọ̀ owó, ó kó owó fún un. Ọmọkùnrin náà gbà á, ó yí ẹ̀yìn padà, ó ń lọ.

"Verna, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀!"

Orrin ti wà lórí ìdúró. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. Ó fa ìbọn, ó dún kà. Ó tún fà á, kà. Ọmọkùnrin náà yíjú padà, ẹ̀rù ti bà á, ó yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, ó sì sá jáde.

Lẹ́yìn ìsìnkú Orrin, Dub àti Royce padà síbi tí wọ́n máa ń jókòó. Àga tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ṣófo.

"Mo sọ fún un," ni Dub wí, ojú rẹ̀ pọ́n. "Mo sọ fún un pé ìbọn yẹn ti gbó."

"Irọ́. Irú ìbọn yẹn kì í kùnà. Ọta ló ti pẹ́ jù, ọ̀rinrin ti wọ̀ ọ́."

"Ọ̀rinrin wo? Ìbọn tí ọmọ yìí ń nù ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì!"

Royce yíjú sí Marlys, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ọmọ mi, má dá ara ẹ lẹ́bi. Gbogbo ohun tó yẹ kọ́mọ ṣe fún bàbá lo ṣe."

Marlys gbé kọfí sílẹ̀, ó jókòó sórí àga bàbá rẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ àpò aṣọ ìdáná rẹ̀, ó sì to àwọn ọta gidi tó ti fi ọta ìdánrawò Royce pààrọ̀ nínú ìbọn náà láti ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ sórí tábìlì, níwájú àwọn méjèèjì.