Ta Ló Ń Gé Wáyà Fáànù Ọkọ̀ Mi?

Ọkọ̀ mi tún gbóná lónìí, kí n tó jáde ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo kó èrò Ọ̀yọ́ tí n kò débẹ̀.

Àkànjí mẹkáníìkì ló bá mi pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, òun náà ló so fáànù tó ń fẹ́ rédíétọ̀. Òun ni mo ń fura sí.

Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fa wáyà fáànù jáde.

“Ọ̀gá, wáyà yìí kò jó. Abẹ ni wọ́n fi gé e.”

“Ta ló gé e bí kì í ṣe ìwọ, kí n lè máa padà wá sanwó fún ọ?”

“Mo fi Ògún búra, èmi kọ́! Ṣebí ilé yín ni ọkọ̀ ń sùn.”

Ó tún un so, mo wà á délé. Mo bi Rose ìyàwó mi bóyá ó rí ẹnikẹ́ni nídìí ọkọ̀.

Kò wojú mi.

“Èmi ni mo gé e, Bàbá Goodness.”

“Kí ni mo fi ṣe ọ́?”

Ó bú sẹ́kún.

“Mo rí ìwé dókítà tí ẹ fi pamọ́. Ojú ọ̀tún yín ti fọ́, tòsì náà ń kú lọ. Ẹ ṣì ń kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sí Ọ̀yọ́.”

Mo na kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sí i.