Ẹ Bá Mi Gbàdúrà fún Adéjìmí

Ọlápọ̀sí ń wo fídíò kan lórí fóònù rẹ̀.

Fídíò náà ti kárí gbogbo Bàrígà: ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú irin tó ń kẹ́rù bú gbàmù níbi tó ti ń lọ, iná sì gba iwájú ọkọ̀.

Adéjìmí, àbúrò rẹ̀, ló ń wà á.

Ọlápọ̀sí ń sunkún. Rebecca, ìyàwó Adéjìmí gan-an, ló ń pàrọwà fún un.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Bọ̀dá. Ọlọ́run ò ní dójú tì wá."

Fóònù dún. Wonder ni, tí òun àti Adéjìmí jọ ń ṣiṣẹ́.

Ọlápọ̀sí sáré bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

"Ó ṣì ń mí, Ẹ̀gbọ́n. A ti gbé e dé ọsibítù."

"Ṣé ó ń sọ̀rọ̀?"

"Kò tíì jí. Ọ̀gá wa jókòó tì í. Ó fẹ́ bi í níbi tó ti ra ọ́ìlì tó dà sí ẹ́ńjìnì."

Ọlápọ̀sí wo àwọn kẹ́ẹ̀gì tó tò sára ògiri. Ọ́ìlì tí wọ́n ti lò rí ló kún inú wọn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi asẹ́ sẹ́ ẹ, tó lẹ lébẹ́ẹ̀lì tuntun mọ́ ọn, tó ń tà á bíi tuntun.

Lánàá, Adéjìmí gbóòórùn rẹ̀, ó ní ó ń rùn bí ohun tó jóná.

"Ṣé èmi ẹ̀gbọ́n ẹ máa fún ẹ lóhun tí ò dáa?"

Àbúrò rẹ̀ tọrọ àforíjì, ó sì gbé e lọ.

Tí Adéjìmí bá jí, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò dá. Ọlápọ̀sí nu ojú, ó padà wọlé bá Rebecca àti àwọn aládùúgbò.

"Ó ṣì ń mí. Ẹ bá mi gbàdúrà, kí Ọlọ́run ṣe ohun tó wà lọ́kàn mi."

Àmín Rebecca ló ròkè jù.