Oríkèé Irin Tí Abdulkabir Fi Ọ̀dà Bò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ìparí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

1. Oníṣòwò sìmẹ́ńtì ni Abdulkabir ní Ayétòrò. Ó ti tún fáànù ṣe rí, ó ti tún jẹnẹrétọ̀ ṣe rí, ló bá gbà pé kò síṣẹ́ tí ọwọ́ òun ò ká. Lọ́jọ́ kan tó lọ sí ẹnubodè lẹ́yìn Ìmẹ̀kọ, ó rí ẹ̀rọ ìjórin kékeré kan tó ń lo wáyà àti gáàsì. "Sẹ́ bọ́ọ̀n, ẹ̀gbọ́n! Ó dáa gan-an!" lẹni tó ń tà á wí. Faransé ni wọ́n fi kọ ìwé ìlò rẹ̀ látòkè délẹ̀. Abdulkabir ò gbọ́ Faransé, síbẹ̀ ó gbé e wálé.

2. Roheemat, ìyàwó rẹ̀, fẹ́ lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ ní Òkè-Ọ̀dàn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kó tó lọ, ó ní, "Bàbá Rodiat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe Bàbá Ọ̀ṣunníyì kí wọ́n bá wa ṣe irin tí táǹkì omi máa jókòó lé." Bàbá yìí ni wẹ́dà tó ṣe gbogbo ilẹ̀kùn àti fèrèsé ilé wọn.

Abdulkabir pè é lóòótọ́, gbogbo àdúgbò ló sì rí i tó wọlé. Bàbá wo ẹ̀rọ tuntun náà, ó mi orí.

"Kabir, ọmọ mi, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù lẹ̀rọ yìí wà fún. Gáàsì rẹ̀ ló ń dáàbò bo irin tó ń yọ́. Níta gbangba, nínú ọyẹ́ yìí, atẹ́gùn á gbé gáàsì lọ, oríkèé irin á wá ní ihò bí inú búrẹ́dì. Igi ẹlẹ́kítíróòdù, tí kò nílò gáàsì, la fi ń jó irú irin tó nípọn yìí. Dúró dè mí di Ọjọ́bọ̀."

"Ẹ ṣeun, Bàbá." Ṣùgbọ́n nínú ọkàn rẹ̀, ó ní bàbá ò kàn fẹ́ kíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

3. Kò dúró. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú atẹ́gùn, ó jó irin náà lẹ́yìnkùlé. Ihò yọ lára oríkèé. Ẹ gbọ́ mi o: ó rí wọn! Ó lọ̀ ọ́ kó dán, ó kun ọ̀dà dúdú lé e, ó tẹ bàbá láago pé òun ti rí ẹni ṣe é.

Roheemat dé. "Bàbá Ọ̀ṣunníyì mà ṣiṣẹ́ o!"

Abdulkabir rẹ́rìn-ín. Ó gbé báàgì rẹ̀ wọlé.

4. Oṣù kan lẹ́yìn náà, Roheemat ń pọn omi àlùwàlá lábẹ́ táǹkì nígbà tí irin já. Táǹkì tó kún fọ́fọ́ wó lé e lẹ́sẹ̀ ọ̀tún.

Ní ọsibítù, Ridwanullah, ẹ̀gbọ́n Roheemat, ń pariwo: "Ta ló ṣe irin yìí? Ṣé Ọ̀ṣunníyì ni?"

Abdulkabir họ orí. "Àwọn náà ló ń bá wa ṣe nǹkan irin nílé."

Gbólóhùn kan péré. Lórí bẹ́ẹ̀dì, Roheemat figbe ta: "Ọwọ́ tó jó irin yẹn, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó ríṣẹ́ ṣe mọ́!"

Abdulkabir rọra ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

Ọ̀rọ̀ náà tàn ká Ayétòrò, kò sì pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbéṣẹ́ lọ fún bàbá mọ́. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó kó lọ sí Ìmẹ̀kọ.

5. Gbogbo ìgbà tí Roheemat bá tiro kọjá ni inú ọkọ rẹ̀ ń bà jẹ́. Kò lè jẹun, ìrun kò sì fi í lọ́kàn balẹ̀. Níkẹyìn, ó gbé irin tó já lọ sí Ìmẹ̀kọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Bàbá, èmi ni."

"Mo mọ̀. Ọjọ́ tí mo wá wo irin yẹn lẹ́yìn tó já ni mo ti rí i pé ẹ̀rọ wáyà ni wọ́n fi jó o. Èmi ò lẹ́rọ wáyà láyé mi. Àmọ́, ta ni ì bá gbà mí gbọ́? Ẹnu rẹ ni mo ń retí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà sí Ayétòrò."

"Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni àádọ́rin ọdún ni mí, Kabir. Mi ò lágbára àtitún orúkọ tó ti bàjẹ́ ṣe."

Abdulkabir délé, ó jẹ́wọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Roheemat ò pariwo. Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi ń san. Ẹnu tí mo fi ṣépè fún aláìṣẹ̀ ló ń dùn mí."

Láti ọjọ́ náà, kì í wo ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ ìjórin sílé, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n léèrè. Ẹ̀rọ inú ilé ò jọ ti ìta, irin fẹ́lẹ́ ò sì jọ irin tó nípọn. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣàṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíì tó fara gbá a. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì náà ka èyí, torí ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.