Onífọ́tò Tí Kò Wo Iṣẹ́ Rẹ̀ Lẹ́ẹ̀kejì

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ ọwọ́ yín dá yín lójú, ẹ dákun, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó mọ iṣẹ́ débi pé kì í gba ìmọ̀ràn mọ́.

1.
Onífọ́tò kan wà tí wọ́n ń pè ní Ojú-Ò-Tàsé. Kì í ṣe òun ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ o, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Bó bá ya ọmọ ọwọ́, ẹ ó rí itọ́ létí ẹnu ọmọ. Bó bá ya arúgbó, ẹ ó ka ìlà iwájú orí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ogún ọdún ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́ náà. Tó bá gbé kámẹ́rà kọ́rùn, tó ń lọ láàárín àdúgbò, bí ẹni pé òun ló ni títì ló máa ń rìn.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń tẹ àwọn fọ́tò náà jáde. Ẹnu obìnrin yìí kò pọ̀, àmọ́ kò sí àléébù tó lè bọ́ mọ́ ọn lójú.

2.
Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù. Àbíkẹ́yìn Ìyá Aránṣọ ni, ìyá arúgbó tó rán aṣọ ilé-ìwé fún ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lọ́la. Ọdún kọkànlá rèé tá a ti bá ara wa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kò wá síbi ìsìnkú bàbá wa, mo sì ní títí ayé, èmi pẹ̀lú ẹ̀ ti parí. Ìyá wa ló bẹ̀ wá. Wọ́n fẹ́ fọ́tò àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ara wọn ò yá, ìmọ́lẹ̀ sì ń ta wọ́n lójú. Kọ́tìnì kì í ṣí nínú yàrá wọn. Ẹ ò ní lè tan iná kámẹ́rà o."

Ojú-Ò-Tàsé rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn náà lọ̀rọ̀? Èmi tí mo lè ya ológbò dúdú nínú àpò èédú!"

Nígbà tó ń palẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì, ìyàwó rẹ̀ gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wá, èyí tí wọ́n máa ń gbé kámẹ́rà lé kó má baà mì.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ mú un dání. Níbi tí kò bá sí ìmọ́lẹ̀, kámẹ́rà máa ń pẹ́ kó tó ya fọ́tò. Bí ọwọ́ yín bá gbọ̀n díẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ gbé àga Ìyá sún mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ ní kí wọ́n dúró jẹ́ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí kámẹ́rà fúnra ẹ̀ yan ibi tó máa wò. Ẹyinjú Ìyá gan-an ni kẹ́ ẹ mú, torí ojú lọ̀rọ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá yà á tán, ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú kámẹ́rà, kẹ́ ẹ wò ó dáadáa."

"Ṣé èmi lò ń kọ́?" Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. "Wò ó. Ǹjẹ́ ó gbọ̀n?"

Ó fi irin náà sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

3.
Yàrá Ìyá Aránṣọ ṣú bíi pé òjò fẹ́ rọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ìlà tín-ínrín tó yọ létí kọ́tìnì olódòdó lẹ́yìn àga ìyá náà. Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó dúró. Àbúrò náà dúró. Ìyá na ọwọ́ sí àwọn méjèèjì.

"Ṣé kí n kú tán kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ara yín ni?"

Ni ẹ̀gbọ́n bá bú sẹ́kún. Ó gbé orí lé èjìká àbúrò rẹ̀. Ìyá dì wọ́n mú, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ojú-Ò-Tàsé ń ya fọ́tò lọ ràì, ó ń tẹ̀ síwájú, ó ń tẹ̀ sẹ́yìn, ó sì fi kámẹ́rà sílẹ̀ kó fúnra ẹ̀ yan ibi tó máa wò. Ó yà tó ogójì.

"Ṣé ó dáa?" Àbúrò béèrè.

Ó fi kámẹ́rà hàn wọ́n fìrí. Lójú gíláàsì kékeré yẹn, kí ni kì í dáa? "Ẹ lọ fọkàn balẹ̀. Èmi ni mo yà á!"

Ó dá a lójú débi pé odindi ọjọ́ mẹ́ta ni káàdì kámẹ́rà fi wà nínú àpò rẹ̀.

4.
Lọ́jọ́ kẹrin, ìyàwó rẹ̀ ṣí i lórí kọ̀ǹpútà. Ó sún àga fún ọkọ rẹ̀.

Òdòdó ara kọ́tìnì hàn kedere. Èèyàn lè ka ojú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi rán etí rẹ̀. Àmọ́ Ìyá àti àwọn ọmọ rẹ̀ rí bàìbàì bí èéfín. Ojú-Ò-Tàsé wo ogójì fọ́tò náà tán. Bákan náà ni.

"Dìde," ló wí, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Gbé irin yẹn. Ká lọ tún un yà."

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀hún, bàtà ti kún ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ti ṣí kọ́tìnì sílẹ̀ gbayawu. Ìyá Aránṣọ ti kú láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Àbúrò jáde pàdé wọn. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ wá. Fọ́tò yẹn la fẹ́ gbé síwájú níbi ìsìnkú."

Ojú-Ò-Tàsé kò lè parọ́. Ó fẹ fọ́tò náà lójú kámẹ́rà, ó gbé e fún un. Ọkùnrin náà wò ó pẹ́.

"Ọ̀gá," ó wí pẹ̀lẹ́, "kọ́tìnì ìyá wa lẹ yà."

Kò bú u, kò gbá a létí. Bó bá gbá a ni, ì bá sàn.

5.
Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Àwọn ọmọdé sọ ọ́ di Bàbá Kọ́tìnì. Àwọn oníbàárà ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ohun tó dùn ún jù ni pé kò sí ọjọ́ tí kì í rí ẹ̀rín ìyá náà lọ́kàn, ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni kò ní rí mọ́ láyé.

Nígbà tó yá, ó gbé kámẹ́rà lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Lónìí, obìnrin yẹn ni wọ́n ń wá láti ọ̀nà jíjìn fún fọ́tò inú ilé tí kò sí ìmọ́lẹ̀. Bí èèyàn bá yin iṣẹ́ náà, ọkọ rẹ̀ á nà ró, á gbé àyà síwájú, á ní, "Ìyàwó mi ló yà á. Mo wò ó, òun náà sì tún un wò."

Ẹ̀yin èèyàn mi, kò burú kí iṣẹ́ yín máa wú yín lórí. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó di yín létí. Bí ẹni tó fẹ́ràn yín bá ní kẹ́ ẹ tún un wò, ẹ tún un wò, torí àwọn nǹkan kan wà tí kì í ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn àgbà ò kúkú purọ́: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.