Mo-ti-mọ̀ àti Ọmọ Erin

Télọ̀ kan wà tí etí rẹ̀ kì í gba ọ̀rọ̀ tán. Bí o bá ti la ẹnu, yóò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọ lẹ́nu: "Mo ti mọ̀!" Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Mo-ti-mọ̀. Bí wọ́n bá bá a wí, a ní ṣebí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí.

Ìyá rẹ̀ kò lè rìn mọ́, bẹ́ẹ̀ láti kékeré ló ti ń wù ú láti rí erin. Nígbà tí Mo-ti-mọ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń lọ sí igbó jíjìn kan tí ìjọba fi pamọ́ fún àwọn ẹranko, ìyá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọmọ mi, ya fọ́tò erin wá fún mi kí n tó kú."

"Mo ti mọ̀, Màmá. Ẹ ti rí i tán!"

Háà, ìrìn àjò náà dùn! Igbó lọ súà, àgbọ̀nrín ń fò, ẹfọ̀n kún pápá bẹẹrẹ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo kìnnìún! Yéè, ayé yìí mà dára o!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Létí odò, wọ́n rí ọmọ erin kan tó ń mumi. Inú Mo-ti-mọ̀ dùn, ó fa kámẹ́rà rẹ̀ yọ. "Erin Màmá rèé!"

Ẹ̀ṣọ́ tó ń wa ọkọ̀ ní, "Ọ̀gá, ẹ má sọ̀ o. Bí ẹ bá rí ọmọ erin báyìí..."

"Mo ti mọ̀! Kékeré ni, kò lè ṣe mí ní nǹkan."

"Yà á látinú ọkọ̀ níbí, jọ̀ọ́!" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́.

"Rárá o! Màmá gbọ́dọ̀ rí ojú ẹ̀." Ó ti bẹ́ sílẹ̀.

Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin. Ìyá ọmọ náà fọn, ó sì ya jáde látinú igbó. Mo-ti-mọ̀ sá, ó ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán. Kámẹ́rà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, erin tẹ̀ ẹ́ fọ́ yángá. Ọpẹ́lọpẹ́ ẹ̀ṣọ́ tó yìnbọn sókè.

Bó ti ń di ẹsẹ̀ náà, ẹ̀ṣọ́ ní, "Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìyá ẹ̀ kì í jìnnà." Lọ́jọ́ yẹn, Mo-ti-mọ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Nílé, ìyá ti nu awò ojú rẹ̀, ó ti wọ̀ ọ́ sílẹ̀. "Erin mi dà?" Mo-ti-mọ̀ kó àfọ́kù kámẹ́rà lé e lọ́wọ́. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó san tó lè padà lọ, ìyá ti kú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ máa jẹ́ kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sọ ọ́ tán. Òótọ́ ni pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tó bá dé inú ọmọlúàbí a di odindi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹlòmíràn, ààbọ̀ yẹn náà ni yóò gbé délé.