Ọwọ́ Tí À Ń Fi Fún Ọmọ

Kí Màmá Àgbà tó bọ́jú láàárọ̀, ó ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, iná fóònù sì tàn láàárín wọn. Ó fẹ́ ki Àbẹ̀kẹ́, ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí wọ́n bí sórí òṣùpá.

Fadérera, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ṣe ètò fóònù náà, jókòó tì í. Ó ti pẹ́ tí àbúrò rẹ̀, ìyá Àbẹ̀kẹ́, ti ń ráhùn pé oríkì kankan kò dé ọ̀dọ̀ àwọn. Wọ́n ti ń rò pé arúgbó ti ń gbàgbé.

Arúgbó kò gbàgbé nǹkan kan. Ó ki ọmọ náà débi tí omi fi lé ròrò sójú Fadérera. Àmì méjì aláwọ̀ kan náà wá yọ: ti ìfipamọ́ lósì, ti ìfagilé lọ́tùn-ún. Màmá Àgbà tẹ ti ọ̀tún. Oríkì pòórá.

"Màmá, òsì lẹ ò bá tẹ̀!"

"Òsì kẹ̀? Ta ló ń fi ọwọ́ òsì fún ọmọ ní nǹkan?"

Lójú ẹsẹ̀, Fadérera gbé ìfipamọ́ sí ọ̀tún, ó sọ ọ́ di ńlá, ó kùn ún ní àwọ̀ ewé. Ó ní kí ìfagilé máa kọ́kọ́ béèrè kó tó pa ohunkóhun rẹ́.

Màmá Àgbà tún ki ọmọ náà látìbẹ̀rẹ̀, ó tẹ ọ̀tún, oríkì sì gbéra lọ sí òṣùpá.

Láìpẹ́, ojú Àbẹ̀kẹ́ yọ nínú iná náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ kékeré sí i. Arúgbó wo ọwọ́ náà dáadáa.

"Ọ̀tún ni," ó ní. "Wọ́n ń kọ́ ọ dáadáa lọ́hùn-ún."