Ìyá Rexford

Hollywood, ọdún 1924.

Maude Pettibone, tí gbogbo New York ti pàtẹ́wọ́ fún lórí ìtàgé, ń retí ipa ìyàwó nínú fíìmù tuntun.

"Ìyá lẹ máa ṣe," ni olùdarí fíìmù sọ.

"Ìyá ta ni?"

"Ìyá Rexford."

Ọdún mẹ́ta ni Rexford, olú òṣèré fíìmù náà, fi ju Maude lọ. Àmọ́ ta ni Maude tó ń bá Hollywood jiyàn ìṣirò?

"Ẹ má bínú. Rexford fúnra ẹ̀ ló ní ẹ ti dàgbà jù láti ṣe ìyàwó òun."

"Ó mà láájò èèyàn o."

Wọ́n fi ewú sí i lórí. Wọ́n fa ọmọge ogún ọdún lé Rexford lọ́wọ́. Ẹnu ọkùnrin náà ò padé mọ́.

Ìran kan wà tí ìyá ti ń gbá ọmọ létí. Maude gbá a, fìlà fò.

"Ó dára! Ẹ jẹ́ ká tún un yà!"

"Tayọ̀tayọ̀," ni Maude wí.

Nírọ̀lẹ́, Rexford di yìnyín mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó wọ yàrá wá bá a.

"Ìyàwó mi, ṣé o fẹ́ pa mí ni? Ìwọ náà ṣáà gbà ká fi ìgbéyàwó wa pamọ́."

"Ìyàwó ta ni? Ọmọkùnrin tó dàgbà tó báyìí kì í bá ìyá ẹ̀ sùn. Gbé ìrọ̀rí ẹ, ó di pálọ̀."